Owó Èlùbọ́

Bí oúnjẹ bá ti gbówó lórí nígboro, alájàpá ni gbogbo ayé kọ́kọ́ ń nàka sí. Wọ́n á ní òun ló kó o pamọ́, òun ló gbówó lé e, òun ló jókòó sáàárín àgbẹ̀ àti ẹni tó fẹ́ jẹun, tó ń fa ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì mu. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu tíṣà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu sójà, mo sì ti gbọ́ ọ lórí rédíò títí ó fi sú mi. Ọmọ alájàpá ni mí. Èlùbọ́ ni ìyá mi fi tọ́ wa. Òkè-Ògùn ni wọ́n ti ń rà á, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń tà á, láti ìgbà tí a ṣì ń ná pọ́n-ùn àti ṣílè títí di ìgbà tí náírà fúnra rẹ̀ kò lágbára mọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa iṣẹ́ wọn kò pọ̀. Owó tí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ń gbé lọ gbé bọ̀ lójú ọ̀nà náà ló mú ọ̀pọ̀ ìlú dúró, àwọn ìlú tí kò sí ohun mìíràn tó ń mú owó wọlé fún wọn lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Oríta-Mẹ́rin ni ọjà oúnjẹ Ìbàdàn nígbà tí mo gbọ́njú. Kò tíì sí Ọjà Bódìjà rárá. Láti ìdájí ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi pákó kan ara wọn ti máa ń já ẹrù síbẹ̀: èlùbọ́, gàrí, láfún, ẹ̀wà, àgbàdo, ata gbígbẹ. Àwọn alábàárù á ti dúró dè wọ́n. Kó tó di aago mẹ́jọ, ọ̀nà tó wọ ọjà á ti dí pa, àwọn obìnrin tó wá láti Ọjẹ́, láti Mọ́kọ́lá, láti Abẹ́òkúta àti Èkó pàápàá, á ti máa nájà. Aláròóbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọn á ra àpò kan tàbí méjì, wọn á lọ máa wọ̀n ọ́n ní kóńgò kóńgò níwájú ilé wọn. Ìyá mi kì í wọn kóńgò ní tiwọn. Àpò ni wọ́n ń tà.

Nígbà ìsinmi ilé-ìwé, èmi náà máa ń bá wọn rìn. Ọ̀nà Mọ́níyà la ń gbà, a ó gba Ìjàyè kọjá kí a tó yọ sí Ìsẹ́yìn. Láti ibẹ̀, ẹni tó ń lọ Òkèihò àti Ìgànná á yà sápá kan, ẹni tó ń lọ Òtù, Àgọ́-Àrẹ àti Ṣakí á máa lọ síwájú. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn gùn jù lọ ń dé Ìgbòho àti Kíṣí. Awakọ̀ wa ti ń wa ọkọ̀ ṣáájú oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, kò sì yéé ṣàlàyé fún wa bí ẹ̀rù ṣe ba òun lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà ọ̀hún kì í dára nígbà òjò. Bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀, a lè sùn síbẹ̀, àwọn ará abúlé ìtòsí á sì gbé àkàrà àti ẹ̀kọ wá fún wa rà.

Ọkọ̀ wa kì í lọ lófìfo. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìtumọ̀ èyí, àmọ́ ojú mi rí i láti kékeré. Bí a bá ń lọ, iyọ̀ wà nínú ọkọ̀, ọṣẹ wà ńbẹ̀, kẹrosíìnì, ẹja gbígbẹ, páànù ìkọ́lé, aṣọ, ìwé ọmọ ilé-ìwé. Bí a bá ń bọ̀, èlùbọ́ àti gbodo, ìyẹn iṣu gbígbẹ tí a ń lọ̀ di èlùbọ́, ló kún un. Awakọ̀ á gba owó lọ, á gba owó bọ̀, ìdí nìyẹn tí owó ọkọ̀ orí àpò kọ̀ọ̀kan kò fi ga. Ẹni tó ń jẹ àmàlà ní Ìbàdàn kò mọ̀ pé iyọ̀ tí ẹnìkan ń lá ní Àgọ́-Àrẹ wà lára ohun tó jẹ́ kí àmàlà òun rọjú. Ìgbà tí ọ̀nà bá bàjẹ́ tí ọkọ̀ bá dín kù, ìlú méjèèjì ló ń fara gbá a. Iyọ̀ á wọ́n lókè lọ́hùn-ún, èlùbọ́ á wọ́n nísàlẹ̀.

Ìlú tó múlé gbera kì í nájà lọ́jọ́ kan náà. Ọjà ọrọọrún ni púpọ̀ nínú àwọn ọjà náà, àwọn ará ibẹ̀ sì ti pín ọjọ́ láàárín ara wọn láti ayébáyé, débi pé alájàpá tó mọ̀nà lè ná ti ìlú yìí lónìí, kó ná ti ìlú kejì lọ́la, kó yí po kó tó forí lé ilé. Onímọ̀ jọ́gíráfì kan, B. W. Hodder, fara balẹ̀ wo bí àwọn ọjà Yorùbá wọ̀nyí ṣe ń yí ara wọn ká, òun àti U. I. Ukwu sì tẹ ìwé kan jáde ní 1969 lórí ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mo ti di àgbà kí n tó ka ìwé náà. Mo ń kà á, mo ń rí ipa ẹsẹ̀ ìyá mi. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí rẹ̀ ni àwọn obìnrin tí kò kàwé ń lò bí ohun tí a bí mọ́ wọn, wọn a sì máa fi ọjọ́ ọjà ka ọjọ́ orí ọmọ.

Iṣu ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Iṣu tútù wúwo, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, kì í sì í pẹ́ tó fi ń rà. Ẹni tó bá kó o láti Ṣakí dé Ìbàdàn, ó ń sanwó ọkọ̀ lórí omi. Tí gbogbo àgbẹ̀ bá sì wa iṣu wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà, owó rẹ̀ á já wálẹ̀ débi pé ẹlòmíràn á fi í sílẹ̀ sínú ilẹ̀ kí kòkòrò máa jẹ ẹ́. Gbodo ló gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ èyí. Nígbà ọyẹ́, agbo ilé kan kì í sí tí àwọn obìnrin àti ọmọdé kì í jókòó ti òkìtì iṣu, tí wọ́n á máa bẹ ẹ́, pàápàá èyí tó kéré àti èyí tí ọkọ́ ti ṣá. Wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á wà nínú omi náà mọ́jú, wọ́n á wá sá a sórí àpáta. Òkè-Ògùn kò ṣàìní àpáta. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á gbẹ ẹ́ títí á fi le koko, tí á máa dún bí a bá dà á lé ara wọn. Iṣu tí ì bá jẹrà ní oṣù kìíní ti di ẹrù tó lè dúró di oṣù kẹfà, nígbà tí iṣu tuntun kò tíì dé, tí oúnjẹ bá há nígboro.

Àwọn tó ń pariwo pé alájàpá ń kó oúnjẹ pamọ́ kì í ro èyí. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ ra gbodo nígbà tó pọ̀ lọ́jà, kó wá ibi gbígbẹ kó o sí, kó máa ṣọ́ eku àti kòkòrò, kí owó rẹ̀ há síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Bí kò bá sí ẹni tó gbà láti ṣe é, gbogbo wa ìbá jẹ àjẹyó nígbà ọyẹ́, ká tún jọ pebi nígbà òjò. Ìyá mi gba èrè lórí rẹ̀. Mo mọ̀ bí èrè náà ti tó, nítorí òun náà la jẹ, òun la wọ̀, kò sì sí ọdún kan tí a lọ́lá lórí rẹ̀.

Ilé kan wà tí a máa ń wọ̀ sí ní òkè lọ́hùn-ún. Ìyá Onílé ni gbogbo wa ń pe obìnrin tó ni í, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ń pe ìyá mi ní Ìyá Ìbàdàn. Mo fẹ́ kí ẹ wo ilé yìí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa bí òwò ṣe ń bọ́ ìlú. Àwọn alájàpá tó wá láti Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Abẹ́òkúta ló ń sùn síbẹ̀ tí ọjọ́ ọjà bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá Onílé kì í gba owó ibùsùn. Owó àpò ni wọ́n ń gbà, ìyẹn owó díẹ̀ lórí àpò kọ̀ọ̀kan tó bá sùn sínú ìyẹ̀wù wọn. Ọmọ wọn obìnrin ló ń dáná fún wa, a ó san owó oúnjẹ. Àbúrò ọkọ wọn ló ń rán ẹnu àpò ìdọ̀họ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gígùn kan, ó ń gba tirẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan lẹ́yìnkùlé ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbodo, ó gba ọmọṣẹ́ méjì. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò ń ru ẹrù dé ìdí ọkọ̀. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún káńsù á dé lówùúrọ̀, á gba tìjọba. Tí ọjà bá tú, àwọn obìnrin tó bẹ iṣu láti oṣù tó kọjá á mú owó wọn, wọ́n á rìn tààrà lọ sídìí aláṣọ, sídìí olóògùn, sídìí tíṣà tó wá gba owó ilé-ìwé. Gbogbo èyí á ti ṣẹlẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Àpò èlùbọ́ kò tíì kúrò nílùú, owó rẹ̀ ti gba ọwọ́ mẹ́wàá kọjá.

Nígbà náà, a kò rí báńkì tó ń yá àgbẹ̀ iṣu lówó. Alájàpá ni báńkì. Bí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀, ìyá mi á fi owó ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n lè fi gba alágbàṣe tí yóò kọ ebè. Nígbà tí gbodo bá gbẹ, wọ́n á fi san án, iye tí wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀ kì í tó iye ọjà. Kì í ṣe àánú. Ìyá mi fúnra wọn kò pè é ní àánú rí. Àmọ́ bí òjò bá kọ̀ tí iṣu kò ta, àwọn àti àgbẹ̀ náà ni wọ́n jọ ń jìyà rẹ̀. Mo rí ọdún tí wọ́n pa gbèsè ẹnìkan rẹ́, tí wọ́n tún yá a ní òmíràn, torí pé ẹni tí kò ní owó ebè lọ́dún yìí kò ní ní gbodo tí wọn yóò rà lọ́dún tó ń bọ̀. Ní Ìbàdàn, àwìn ni àwọn aláròóbọ̀ ń gbà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á san án tí wọ́n bá ti tà tán. Owó kan náà ló wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, tó wà lọ́wọ́ awakọ̀ nígbà ọyẹ́, tó wà lọ́wọ́ obìnrin tó ń wọn kóńgò ní Mọ́kọ́lá lẹ́yìn náà. Èésú ni wọ́n ti kó o jọ. Ìlà èédú lára ògiri yàrá ni ìwé ìṣirò wọn, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀dà kun yàrá yẹn.

Gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tí kòkó ṣe fún Ìwọ̀-Oòrùn. Ilé Kòkó dúró ní Dùgbẹ̀ láti 1965, àlejò tó bá dé Ìbàdàn ni a ń mú lọ wò ó. Owó kòkó lọ sọ́dọ̀ ìjọba kó tó padà sọ́dọ̀ wa ní ilé-ìwé àti ọ̀nà. Ní Ìsẹ́yìn àti agbègbè rẹ̀, tábà náà mówó wọlé, àwọn àgbẹ̀ tábà a máa kọ́lé. N kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu èyíkéyìí nínú wọn. Ṣùgbọ́n owó kòkó àti owó tábà ní àsìkò tí wọ́n ń dé, ẹnìkan lókè òkun tàbí ní ọ́fíìsì kan ló sì ń sọ iye tí yóò jẹ́. Owó èlùbọ́ ń dé lọ́jọ́ ọjà gbogbo. Ọwọ́ obìnrin ló ń gbà wọlé. Kò gba ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀dù kankan kọjá, nítorí náà kò wọ ìwé ìjọba, ẹnikẹ́ni kò sì ka iye rẹ̀. Kò sí Ilé Èlùbọ́ ní Dùgbẹ̀. Ilé tó kọ́ wà káàkiri láti Òtù dé Kíṣí, oníyàrá méjì mẹ́ta, alápáànù, ẹnikẹ́ni kì í mú àlejò lọ wò wọ́n.

Òwò náà ní àbùkù tirẹ̀, n kò ní fi pamọ́. Àwọn kan ń po láfún mọ́ èlùbọ́, torí láfún kò wọ́n tó o. Àwọn kan ń lu ìdí kóńgò kó lè wọnú. Ìpàǹpá, ìyẹn ẹgbẹ́ ọlọ́jà, lágbára ju bó ti yẹ lọ nígbà mìíràn: àlejò tó bá gbé ẹrù wá sọ́jà láìbá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, ó lè má rí ibi já a sí, iye tí ẹgbẹ́ bá sì fẹnu kò sí ni gbogbo wọn á dúró lé. Ìyá mi jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n sì ń gbe ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn. Mo bá wọn jiyàn lórí rẹ̀ nígbà tí mo wọ yunifásítì. Wọ́n ní ta ni yóò sin òkú àwọn bí kò bá sí ẹgbẹ́, ta ni yóò yá àwọn lówó bí ọkọ̀ bá gbiná lọ́nà. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Síbẹ̀, mo ṣì gbà pé ẹni tó wá láti Ṣakí pẹ̀lú àpò tirẹ̀ yẹ kó lè tà á bó ṣe wù ú.

Lẹ́yìn tí ìjọba fi owó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Údójì, ní 1974 sí 1975, ohun gbogbo fò lọ sókè. Owó pọ̀ nígboro, oúnjẹ kò sì pọ̀ sí i lóko. Ìgbà yẹn ni orúkọ alájàpá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ gan-an. Ní 1976, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé ètò kan jáde pé kí gbogbo ènìyàn máa dáko, tí wọ́n pè ní Operation Feed the Nation. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbin àgbàdo sẹ́yìn kíláàsì. Kò sí ẹni tó bi àwọn alájàpá léèrè ohun tó ń dí oúnjẹ lọ́wọ́ láti dé ìgboro. Wọn ìbá ti sọ ọ́: ọ̀nà ni, afárá ni, táyà ọkọ̀ ni. Ìrẹsì òkèèrè ti ń wọlé wọ̀ìwọ̀ì nígbà náà, owó epo rọ̀bì ló ń rà á. Ní ilé wa pàápàá, ìrẹsì kúrò ní oúnjẹ Kérésì àti Iléyá, ó di ti ọjọ́ Àìkú, ó di ti àárín ọ̀sẹ̀. Owó tí ìyá àgbà kan ní Ìbàdàn ì bá fi ra èlùbọ́, tí ì bá dé ilé Ìyá Onílé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òkun ló ń gbà lọ, kì í sì í padà. Mo rí i ní ojú ilé náà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń ru ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá lọ sí Èkó, wọ́n ń gbé bíríkì.

Ọdún 1984 ni mo rántí jù. Ìjọba ológun tuntun ti dé ní òpin oṣù Kejìlá 1983, wọ́n sì ti pinnu pé àwọn yóò fi agbára mú ọjà wálẹ̀. Àwọn sójà wọ inú ọjà lóríṣiríṣi ìlú, wọ́n ń já ìsọ̀, wọ́n ń ta ọjà ọlọ́jà ní iye tó wù wọ́n. Mo wà ní ìsọ̀ ìyá mi lọ́jọ́ tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ tiwa. Wọ́n ní kí a máa ta àpò ní iye kan tí kò tó iye tí a rà á ní oko, ká má tíì sọ owó ọkọ̀. Àwọn èrò tò, inú wọn dùn, n kò sì dá wọn lẹ́bi, ebi ń pa wọ́n. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi tán. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kò sí èlùbọ́ ní ìlà wa rárá. Àwọn alájàpá jókòó sílé. Èlùbọ́ wà ní Òkè-Ògùn, àgbẹ̀ fẹ́ tà, Ìbàdàn fẹ́ jẹ, kò sí ẹni tí yóò fi owó rẹ̀ rin ojú ọ̀nà tí sójà ti lè sọ ọ́ di òfo.

Ìyá àgbà mi, tí wọ́n ti di arúgbó nígbà náà, ní irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ogun Hitler ni wọ́n ń sọ. Láàárín 1941 sí 1945, ìjọba òyìnbó fi òfin de iye tí wọ́n lè ta gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn ní Èkó. Captain A. P. Pullen ni wọ́n fi ṣe alábòójútó, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe ètò náà. Iye tí wọ́n gbé kalẹ̀ kò bo owó tí àwọn obìnrin fi ń ra gàrí ní ìlú òkè. Gàrí sá kúrò lójú ọjà, ó di ohun tí à ń tà lábẹ́lẹ̀ ní iye tó ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́ja, kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀. Wọn kò juwọ́ sílẹ̀ títí ìjọba fi tú òfin náà ká ní 1945. Ní Abẹ́òkúta, ìrẹsì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà ní owó pọ́ọ́kú wà lára ohun tó mú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti bọ́ sójú agbo pẹ̀lú wọn. Gbogbo wa mọ ibi tí ọ̀ràn náà já sí, tí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949. Nínú ìwé ìtàn, òṣèlú ni a ń ka ìjà wọ̀nyí sí. Àwọn tó jà á mọ̀ pé lórí iye owó ọkọ̀ àti iye èrè orí àpò oúnjẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 náà ni ẹ̀gẹ́ ṣàìsàn. Kòkòrò funfun kan tó ti òkèèrè wá jẹ ewé rẹ̀ run káàkiri, gàrí di ọ̀wọ́n gógó, àwọn tó ń jẹ láfún sì yíjú sí èlùbọ́. Ní Ìbàdàn wa níbí, ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ni àwọn onímọ̀ tí Hans Herren ṣáájú ti wá kòkòrò mìíràn tó ń pa á, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní 1981, ó sì ṣẹ́gun. Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀ fún un. Mo ń sọ èyí torí ó yẹ kí a dárúkọ iṣẹ́ ìjọba àti ti ọ̀mọ̀wé tó ran oúnjẹ lọ́wọ́, kó má jọ pé gbogbo ìrànlọ́wọ́ láti òkè ni mo kórìíra.

Lẹ́yìn 1986, tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ìjọba, dé, náírà wó. Ìjọba ti fi òfin de ìrẹsì òkèèrè, àlìkámà náà tẹ̀lé e ní 1987. Ìyà jẹ wá nígboro, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ kò gbé Ìbàdàn nígbà náà. Ṣùgbọ́n lókè lọ́hùn-ún, ohun mìíràn ló ń ṣẹlẹ̀. Èlùbọ́ tún di oúnjẹ gbogbo ènìyàn, àwọn àgbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbin iṣu kún iṣu. Àwọn ọmọ tó lọ gbé bíríkì ní Èkó, àwọn kan padà. Ẹ̀rọ ìlọ gbodo di mẹ́ta ládùúgbò tí ọ̀kan ṣoṣo ti wà. Ìyá mi kò rí èrè tí ẹ lè máa rò, torí owó òwò wọn, tí wọ́n ti ń kó jọ láti ayé pọ́n-ùn, kò lè ra ìdajì àpò tó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn tó fi owó pamọ́ sínú ẹrù ló là á já. Àwọn tó fi owó pamọ́ sínú owó ló kú sí i.

Ọdún 1987 náà ni wọ́n kó ọjà oúnjẹ kúrò ní Oríta-Mẹ́rin lọ sí Bódìjà. Àwọn alájàpá bínú, wọ́n ní ó jìnnà, wọ́n ní oníbàárà kò ní mọ̀nà. Tírélà lè wọ Bódìjà, kò lè wọ Oríta-Mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹ̀wà láti Òkè Ọya, ata láti Òkè Ọya, màlúù, àgbàdo, gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé èlùbọ́ wa níbì kan ṣoṣo, Ìbàdàn sì di ibi tí Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú, Oǹdó àti Èkó ti ń wá kó oúnjẹ. Ẹ fojú inú wo iye alábàárù, iye olóúnjẹ, iye ẹni tó ń tún táyà ṣe tí ọjà kan náà gbà síṣẹ́.

Ìwé kan tí mo kà ní yunifásítì tún inú mi ṣe. Peter Bauer, onímọ̀ ọrọ̀-ajé, ló kọ ọ́, ó jáde ní 1954, lórí òwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn òyìnbó aláṣẹ ń sọ nígbà náà pé alágbàtà ti pọ̀ jù, pé ẹnu púpọ̀ ló ń jẹ nínú oúnjẹ kan. Bauer ní bí iye wọn ṣe pọ̀ tó kì í ṣe òfo. Níbi tí owó kò sí, tí ọ̀nà kò dára, tí àgbẹ̀ ń ta ohun kékeré níbi púpọ̀, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kó o jọ tó ń pín in kiri. Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ wọ́n kúrò ní láti fi nǹkan rọ́pò wọn. Àwọn tó gbìyànjú rẹ̀ kò fi nǹkan kan rọ́pò. Ní òpin oṣù kejì ọdún 2021, tí àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù dá ẹrù dúró láti Òkè Ọya fún ọjọ́ mélòó kan, a tún rí i: àlùbọ́sà àti ẹran wọ́n gógó níhìn-ín, tòmátì ń rà lọ́hùn-ún, ẹkùn méjèèjì ń ṣòfò lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá mi ti fẹ̀yìn tì. Ọmọbìnrin kan tó ti Òtù wá bá wa gbé láti kékeré, tó ń tẹ̀lé wọn kiri, ló gba ìsọ̀ lọ́wọ́ wọn. Alájàpá ńlá ni ní Bódìjà báyìí. Kì í rìnrìn àjò púpọ̀. Yóò fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, àbúrò rẹ̀ yóò ra gbodo, yóò lọ̀ ọ́, yóò dì í sọ́kọ̀. Wọ́n ti tún ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ṣe, ọkọ̀ kì í sùn mọ́. Èyí dára, mo sì mọ ẹni tí kò dára fún: àwọn ọmọ Ìyá Onílé ti sọ ìyẹ̀wù tí a ń kó àpò sí di yàrá tí wọ́n ń gba owó ilé lórí rẹ̀, àwọn olóúnjẹ ojú ọ̀nà sì ti dín kù. Owó tó ń sùn nílùú yẹn tẹ́lẹ̀ ń kọjá lọ báyìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ pọ̀ sí i.

Nígbà tí mo bẹ ọmọbìnrin náà wò láìpẹ́, ó ní àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń béèrè èlùbọ́ nínú ọ̀rá tí a lẹ̀ dáadáa, tí orúkọ wà lára rẹ̀. Ó fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìdìpọ̀ kalẹ̀, àwọn kan sì ti gbà á nímọ̀ràn pé Èkó ló yẹ kó gbé e sí, nítorí èbúté. Mo bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ní bí ó bá gbé e sí Èkó, àpò gbodo nìkan ni yóò kù fún àwọn èèyàn rẹ̀, iṣẹ́ dídì àti lílẹ̀ àti gbogbo owó oṣù tó rọ̀ mọ́ ọn á bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní òun ti ra ilẹ̀ sí Òtù láti ọdún tó kọjá, iná mànàmáná nìkan ni òun ń dúró dè.